Ewé tí kò ní gbòǹgbò ń gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn apẹja

Ayọ̀ apẹja ni kí àwọ̀n wúwo. Bí ọkùnrin tó ti gba orí omi lọ láti òru bá fa àwọ̀n ẹ̀, tó rí i pé kò ṣeé fà, ẹ̀rín ló máa ń bọ́ lẹ́nu ẹ̀. Á ké sí èkejì ẹ̀ nínú ọkọ̀ pé kó wá bá òun gbá a mú, nítorí ohun tó wúwo bẹ́ẹ̀ yẹn, owó ni, oúnjẹ ni, owó ilé-ìwé ọmọ ni. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2011 wá, ọ̀pọ̀ apẹja létí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló ti fa irú àwọ̀n bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rín kú mọ́ wọn lẹ́nu. Àwọ̀n wúwo lóòótọ́, àmọ́ ẹja kọ́ ló wà ńbẹ̀. Ewé ni. Ewé rẹpẹtẹ, pupa rúsúrúsú, tó lọ́ mọ́ra bí irun tí wọn ò yà fún ọdún kan, tí nǹkan róbótó róbótó sì so mọ́ ọn lára bí ìlẹ̀kẹ̀.

Kí wọ́n tó yọ ewé yẹn kúrò lójú àwọ̀n tán, oòrùn á ti gun òkè. Ẹlòmíì á kúkú fi ọ̀bẹ gé àwọ̀n sọnù, nítorí kò sí bó ṣe fẹ́ fà á wọnú ọkọ̀ tí ọkọ̀ ò ní dojú dé. Ẹni tí ewé bá há mọ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ẹ̀ ńkọ́? Á pa á, á gbé e sókè, á bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ ja ewé kúrò lára irin tó ń yí nínú omi, ìgbì á sì máa gbé ọkọ̀ kiri bó ṣe wù ú. Bẹntiróòlù tó fowó rà ti jó dànù. Bó bá gúnlẹ̀, ìyàwó tó ti dáná kalẹ̀ láti yan ẹja á bi í pé ẹja dà. Kí ló fẹ́ wí?

Bọ́rọ̀ ewé òkun tí wọ́n ń pè ní Sargassum ṣe rí nìyẹn o. Ewé tí kò ní gbòǹgbò, tí kò ní òdòdó, tẹ́nikẹ́ni ò gbìn, àmọ́ tó ti di wàhálà láti Sierra Leone títí dé Nàìjíríà, tó sì tún wà lódì kejì òkun, níbi tó ti ń da àwọn ará Barbados àti Mexico láàmú. Ẹni tó bá rí i létí òkun á ní èpò lásán ni, kí wọ́n gbá a dànù. Àṣé ọ̀rọ̀ ẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Wọ́n kọ́kọ́ rò pé epo ni

Nígbà tí ewé yìí kọ́kọ́ ya wọ etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ́dún 2011, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n rí. Àwọn bàbá tí wọ́n ti ń pẹja láti kékeré sọ pé àwọn ò bá a láyé. Bẹ́ẹ̀, ohun tójú ò bá rí rí, ẹnu gbọ́dọ̀ wá nǹkan sọ nípa ẹ̀.

Ní orílẹ̀-èdè Gánà, apá ìwọ̀-oòrùn ibẹ̀ ló kọ́kọ́ gbóná sí. Ìparí ọdún 2010 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fa epo rọ̀bì jáde nínú òkun lápá ibẹ̀, ní kànga epo tí wọ́n ń pè ní Jubilee. Kò tó ọdún kan sígbà náà ni ewé dé. Kí lẹ fẹ́ káwọn apẹja rò? Wọ́n ní epo tí wọ́n ń fà nísàlẹ̀ òkun ló tú ewé náà jáde, pé àwọn elépo ló ba omi jẹ́. Kò sẹ́ni tó lè bá wọn wí. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pọmọ jẹ? Ní Nàìjíríà náà, lágbègbè Ìlàjẹ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí ilé-iṣẹ́ elépo ti pẹ́ lórí òkun, béèyàn bá rí nǹkan dúdú dúdú tó tẹ́ pẹrẹsẹ sójú omi, epo lọkàn ẹ̀ máa kọ́kọ́ lọ.

Àmọ́ nígbà tí ewé náà bo ojú òkun ìpínlẹ̀ Oǹdó, àwọn onímọ̀ ewéko méjì, Oyesiku àti Egunyomi, kó nínú ẹ̀, wọ́n gbé e lọ yẹ̀ wò. Ọdún 2014 ni àbájáde iṣẹ́ wọn jáde nínú ìwé African Journal of Biotechnology. Wọ́n ní irúfẹ́ ewé méjì ló wà níbẹ̀: ọ̀kan ń jẹ́ Sargassum natans, èkejì ń jẹ́ Sargassum fluitans. Lọ́dún 2014 yìí kan náà, àwọn onímọ̀ ní NIOMR, ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣèwádìí nípa òkun, tó wà ní Victoria Island l'Ékòó, kọ tiwọn náà lórí bí ewé yìí ṣe ń ba iṣẹ́ ẹja pípa jẹ́ létí òkun Nàìjíríà.

Ìyẹn ni pé epo kọ́. Ewé náà ní orúkọ, ó ní ìdílé, ó sì ní ibi tó ti wá. Ibi tó ti wá yẹn gan-an ni ìtàn ẹ̀ dùn sí.

Òkun tí kò ní etí

Gbogbo òkun ló ní èbúté, àfi ẹyọ kan. Òkun kan wà láàrin Àtìláńtíìkì, lápá àríwá, tí wọ́n ń pè ní Òkun Sargasso. Ilẹ̀ kankan ò yí i ká. Omi tó ń ṣàn nínú omi ló ṣe ọgbà yí i ká, mẹ́rin ni wọ́n, wọ́n ń yí po bí omi tí wọ́n fi igi rò nínú garawa. Ohunkóhun tó bá wọ àárín ẹ̀, ó ṣòro kó tó jáde. Ibẹ̀ ni ewé yìí ti ń gbé láti ọjọ́ aláyé ti dáyé. Wọ́n ní ẹnu àwọn atukọ̀ Potogí ni orúkọ ẹ̀ ti wá.

Lóṣù kẹsàn-án ọdún 1492, nígbà tí Christopher Columbus ń wa ọkọ̀ lọ síhà ibi tí wọ́n padà wá ń pè ní Amẹ́ríkà, òun àtàwọn èèyàn ẹ̀ ṣàdédé rí i pé ewé bo ojú omi. Inú wọn kọ́kọ́ dùn, wọ́n ní ilẹ̀ ti sún mọ́lé nìyẹn, nítorí níbo lewé tún ti fẹ́ wá bí kò bá ṣe lórí ilẹ̀? Wọ́n wò títí, wọn ò rí ilẹ̀. Àṣé ewé tí wọ́n rí yẹn ò wá láti orí ilẹ̀ kankan.

Ìyàtọ̀ tó wà láàrin ewé yìí àtàwọn ewé òkun yòókù nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ewé òkun ló ń di òkúta mú nísàlẹ̀ omi, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dàgbà. Àwọn Sargassum mìíràn wà tí wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ àwọn méjì tó ń dààmú ayé yìí ò dì mọ́ nǹkan kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ayé wọn. Nǹkan róbótó róbótó tó wà lára wọn yẹn kì í ṣe èso rárá, afẹ́fẹ́ ló wà nínú ẹ̀. Òun ló ń gbé wọn léfòó. Wọn kì í so èso, wọn kì í hù láti ara kóró. Bí ìgbì bá gbá ọ̀kan tó já sí méjì, ó di méjì nìyẹn. Bó bá já sí mẹ́wàá, mẹ́wàá ló máa wà láàyè. Bí omi bá dáa fún un, tí oúnjẹ ẹ̀ sì wà níbẹ̀ dáadáa, ó lè fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá péré di ìlọ́po méjì. Ẹyọ ẹ̀ kan kò tó ẹrù ọmọdé, àfi tó bá kóra jọ.

Lójú agbami lọ́hùn-ún, ilé ni ewé yìí jẹ́. Ọmọ ìjàpá òkun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú ẹyin máa ń sá pamọ́ sínú ẹ̀ káwọn ẹja ńlá má baà gbé e mì. Àkàn kéékèèké àti edé ń gbé ibẹ̀. Ẹja kan tiẹ̀ wà tí àwọ̀ ẹ̀ àti ìrísí ẹ̀ bá ewé náà mu pátápátá, béèyàn ò bá fọwọ́ kàn án, kò lè mọ̀ pé ẹja ni. Inú Òkun Sargasso yìí kan náà ni àwọn ẹja gígùn bí ejò tó ń gbé nínú odò ilẹ̀ Yúróòpù máa ń rin ìrìnàjò ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà lọ láti lọ yé ẹyin.

Nítorí náà, kò sẹ́ni tó lè sọ pé ewé burúkú ni. Níbi tó bá wà tó yẹ kó wà, ó ń ṣoore. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tó kúrò nílé.

Kí ló lé e jáde nílé?

Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2020 tọ́ka sí afẹ́fẹ́. Nígbà òtútù ọdún 2009 wọ 2010, afẹ́fẹ́ tó máa ń fẹ́ lórí Àtìláńtíìkì lápá àríwá yí padà lọ́nà tó le gan-an. Afẹ́fẹ́ náà gbá ewé Òkun Sargasso lọ síhà ìlà-oòrùn, lápá ibi tí ilẹ̀ Yúróòpù àti Áfíríkà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra. Láti ibẹ̀, omi tó ń ṣàn sísàlẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ Áfíríkà gbé e wá sí apá ibi tí òkun ti gbóná, láàrin Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà àti Brazil. Nígbà tó débẹ̀, ó bá oòrùn pàdé, ó bá omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ pàdé, ó sì bá oúnjẹ pàdé. Àlejò tó bá rí irú ibẹ̀ yẹn, ṣé ó tún máa rántí ilé?

Kò rántí ilé mọ́ lóòótọ́. Láti ọdún 2011, ọdọọdún ló ń pọ̀ níbẹ̀, àfi ọdún 2013 nìkan tí wọn ò rí i kó pọ̀. Àwọn onímọ̀ ní yunifásítì South Florida ní Amẹ́ríkà fi àwòrán tí sátẹ́láìtì NASA ń yà láti ojú ọ̀run ṣọ́ ọ láti ọdún 2000 títí dé 2018. Nígbà tí wọ́n gbé iṣẹ́ wọn jáde nínú ìwé Science lọ́dún 2019, ẹnu ya ayé. Wọ́n ní lóṣù kẹfà ọdún 2018, ewé náà ti tò láti etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà títí wọ Gulf of Mexico, bí ìgbànú tí wọ́n so mọ́ òkun nídìí. Gígùn ìgbànú ọ̀hún jẹ́ kìlómítà 8,850. Láti Èkó dé Kánò, nǹkan bíi kìlómítà 1,000 ni. Ẹni tó bá lọ sí Kánò tó bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin kò tíì rìn tó gígùn ewé yẹn.

Ìwọ̀n ẹ̀ ńkọ́? Wọ́n ní ó ju mílíọ̀nù 20 tọ́ọ̀nù lọ. Bí wọ́n bá ní kí tírélà tó ń gbé 30 tọ́ọ̀nù wá kó o, tírélà tí wọ́n máa nílò ju 660,000 lọ. Àwọn èèyàn rò pé ó ti dé góńgó nìyẹn. Àmọ́ nígbà tó di oṣù karùn-ún ọdún 2025, ó fo ti 2018 kọjá dáadáa, ó ju mílíọ̀nù 37 tọ́ọ̀nù lọ.

Lórí ohun tí ewé náà ń jẹ, àwọn onímọ̀ ò tíì fẹnu kò. Àwọn kan ní ọwọ́ ọmọ èèyàn wà ńbẹ̀: ajílẹ̀ táwọn àgbẹ̀ ń dà sóko, ìdọ̀tí ìlú, àti ilẹ̀ igbó tí wọ́n gé, gbogbo ẹ̀ ni òjò ń wọ́ sínú odò ńlá bí Amazon àti Kòngò, tí odò sì ń gbé e lọ sínú òkun. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2021 fi hàn pé nitrogen tó wà nínú ewé náà láàrin ọdún 2010 sí 2019 fi ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ju tàwọn ọdún 1980 sí 1989 lọ. Nitrogen yìí náà ló wà nínú ajílẹ̀ táwọn àgbẹ̀ ń rà ní ṣọ́ọ̀bù. Àwọn onímọ̀ mìíràn ní kí wọ́n wo ìsàlẹ̀ òkun, pé omi tútù tó ń ru sókè láti ìsàlẹ̀ ló ń gbé oúnjẹ wá fún un. Àwọn kan tún mẹ́nu ba ekuru aṣálẹ̀ Sàhárà tí ọyẹ́ ń gbé dà sínú òkun. Ohun tó dájú ni pé ebi ò pa ewé náà.

Òórùn ẹyin òbu

Ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gúnlẹ̀ kì í ṣe èèyàn ní nǹkan kan. Ọmọdé lè gbé e lọ́wọ́, wọ́n á máa fi ìka tẹ nǹkan róbótó yẹn tó ń dún pọ́ pọ́ pọ́. Àmọ́ bó bá ti tó nǹkan bí ọjọ́ méjì nínú oòrùn, ọ̀rọ̀ á yí padà. Á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, á sì máa tú afẹ́fẹ́ kan jáde tí wọ́n ń pè ní hydrogen sulphide. Ẹni tó bá ti fọ́ ẹyin òbu rí ti mọ òórùn ọ̀hún. Òórùn náà tún ń bá òmíì rìn, ìyẹn ammonia, tó ń ta ènìyàn nímú, tó ń ta ènìyàn lójú.

Níta gbangba níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, tí ewé ò sì pọ̀, ó lè má ju òórùn lọ. Àmọ́ níbi tó bá ti ga bí òkìtì, tó sì jẹ́ pé ẹ̀yìn ilé àwọn èèyàn ló wà, ó ti di ọ̀rọ̀ ìlera. Orí fífọ́, èébì, ojú tó ń pọ́n, àyà tó ń fún èèyàn, òun ló ń fà. Ẹni tó ní ikọ́ fée tẹ́lẹ̀ ló máa kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára. Láàrin oṣù kìíní sí oṣù kẹjọ ọdún 2018, ní erékùṣù Guadeloupe àti Martinique tó wà lábẹ́ ìjọba Faransé ní Caribbean, ó ju 11,000 èèyàn lọ tí dókítà kọ sílẹ̀ pé afẹ́fẹ́ ewé yìí ló kó bá wọn. Ní Martinique, kò mọ lára èèyàn nìkan. Tẹlifíṣọ̀n, fíríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù àwọn tó ń gbé nítòsí etí òkun ń bàjẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí afẹ́fẹ́ náà ń jẹ irin àti wáyà.

Ẹja pàápàá ò bọ́. Bí ewé bá ti kún etí omi tó bẹ̀rẹ̀ sí í rà, á fa gbogbo afẹ́fẹ́ tó yẹ kí ẹja fi mí, omi á di dúdú bí omi aró. Ẹja tó bá wà níbẹ̀ tí kò tètè sá, kíkú ló kú. Ìjàpá òkun tó bá fẹ́ wá yé ẹyin sínú yanrìn ò ní rọ́nà gbà gòkè. Ọmọ ẹ̀ tó bá pa náà ò ní rọ́nà gbà sọ̀kalẹ̀. Ẹ ò rí nǹkan! Ewé tó fi ara ẹ̀ ṣe ilé fún un lójú agbami ló tún wá dínà mọ́ ọn létí omi.

Ohun tójú àwọn kan rí, ohun tí wọ́n ṣe

Lóṣù kẹfà ọdún 2018, nígbà tí ọ̀rọ̀ náà le, ńṣe ni Barbados kéde pé ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ni fún gbogbo orílẹ̀-èdè àwọn. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Àwọn àlejò tó ń wá gbafẹ́ létí òkun ló ń bọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn níbẹ̀, ta ló sì fẹ́ sanwó òtẹ́ẹ̀lì láti wá gbóòórùn ẹyin òbu? Ní Mexico, lọ́dún 2019, ààrẹ wọn nígbà náà, Andrés Manuel López Obrador, gbé iṣẹ́ náà lé àwọn ọmọ ogun ojú omi lọ́wọ́. Ṣójà tó yẹ kó máa lé àwọn ọ̀daràn lórí omi wá di ẹni tó ń kó ewé.

Àmọ́ ọkùnrin kan wà ní Mexico yìí kan náà, Omar Vázquez Sánchez lorúkọ ẹ̀. Iṣẹ́ òdòdó àti igi ọ̀ṣọ́ ló ń ṣe ní Puerto Morelos. Nígbà tí ewé dé, ó gbàṣẹ́ kíkó o kúrò létí òkun. Ó kó, kó, kó, kò tán. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ronú pé kí ni wọ́n lè fi ohun tó pọ̀ tó báyìí ṣe. Lọ́dún 2018, ó po ewé náà mọ́ àwọn nǹkan mìíràn, ó fi mọ bíríkì, ó fi bíríkì kọ́lé. Orúkọ ìyá ẹ̀ ló fi sọ ilé náà, Casa Angelita, ìyẹn ilé Angelita. Bíríkì ọ̀hún ló ń pè ní Sargablock. Ewé tó bá pẹ́ lára ọṣẹ, ó di ọṣẹ. Ewé tó pẹ́ lọ́wọ́ Omar di ilé.

Ní Barbados, ọ̀mọ̀wé obìnrin kan ní yunifásítì West Indies, Legena Henry, pẹ̀lú àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, po ewé náà pọ̀ mọ́ omi ìdọ̀tí tó ń jáde láti ibi tí wọ́n ti ń pọn ọtí rum àti ìgbẹ́ àgùntàn. Gáàsì tó jáde níbẹ̀ ni wọ́n fi wa mọ́tò lọ́dún 2024.

Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má sáré o. Ewé yìí máa ń fa arsenic mọ́ra látinú òkun, májèlé sì ni. Ìdí nìyẹn tí kò fi dáa kéèyàn kó o fún ewúrẹ́ tàbí ẹlẹ́dẹ̀ jẹ bí kò bá tíì gbé e yẹ̀ wò, tí kò sì fi yẹ kéèyàn kàn dà á sí ìdí ẹ̀fọ́ pé ajílẹ̀ ọ̀fẹ́ ni. Fífi sínú ọbẹ̀ tiẹ̀ tún burú jù. Gbogbo ohun tó bá hù kọ́ ni ẹ̀fọ́.

Kí ni ṣíṣe?

Ní Ayétòrò, ìlú táwọn ọmọlẹ́yìn Ìjọ Mímọ́ Àpọ́sítélì tẹ̀ dó lọ́dún 1947 ní Ìlàjẹ, òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé lọ. Òpópónà tí wọ́n ti ń rìn tẹ́lẹ̀ ti di inú omi. Ẹni tí òkun bá ti ṣe báyìí, kò sẹ́ni tó máa sọ fún un pé kó máa wo ewé níran. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tó yẹ kí gbogbo ará etí òkun mọ̀, láti Badagry títí lọ dé Ìlàjẹ. Bí ewé bá gúnlẹ̀, tí wọ́n bá gbé katapílà wá láti kó o, katapílà ò mọ ewé yàtọ̀ sí yanrìn. Gbogbo ẹ̀ ló máa kó pọ̀. Yanrìn tó bá kó lọ yẹn, òun ló ń dá òkun dúró. Ẹni tó bá kó yanrìn iwájú ilé ẹ̀ lọ nítorí ewé, ó ti ṣílẹ̀kùn fún òkun. Ọwọ́, ràkè àti apẹ̀rẹ̀ ló dáa jù. Bó bá sì kéré, tí kò sí nítòsí ilé, kí wọ́n fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ó máa ń gbá yanrìn jọ, ó sì ń jẹ́ kí koríko etí òkun hù.

Àsìkò tó yẹ kí wọ́n kó o náà ṣe pàtàkì. Kí wọ́n kó o nígbà tó ṣì tutù, kó tó di ọjọ́ méjì, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú afẹ́fẹ́ burúkú jáde. Kí wọ́n má kó o jọ sí ẹ̀yìn ilé, kí wọ́n má sì fi àwọn ọmọ kéékèèké àtàwọn aboyún síbi iṣẹ́ ọ̀hún. Ẹni tó bá ń kó èyí tó ti jẹrà, kó wọ bọ́ọ̀tù àti ìbọ̀wọ́, kó dúró síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá.

Ti àwọn apẹja tó ń lọ sójú omi ló kù. Sátẹ́láìtì ti ń rí ewé yìí láti ojú ọ̀run kó tó dé etí òkun. Yunifásítì South Florida yẹn máa ń gbé ìròyìn jáde lóṣooṣù lórí ibi tó wà àti bó ṣe pọ̀ tó. Àwọn onímọ̀ láti Gánà, Jàmáíkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti jọ ṣiṣẹ́ lábẹ́ ètò kan tí wọ́n pè ní SARTRAC, láti mọ bí wọ́n ṣe lè máa sọ ìgbà tó máa dé, àti bí àwọn tálákà etí òkun ṣe lè rí nǹkan jẹ lára ẹ̀. Ìmọ̀ wà. Ohun tó ṣòro ni kí ìmọ̀ náà kúrò lórí kọ̀ǹpútà kó dé etí ẹni tó ń tún àwọ̀n ṣe lẹ́bàá omi, lédè tó gbọ́, kó tó ra bẹntiróòlù. Rédíò wà. Fóònù wà lọ́wọ́ gbogbo ọmọ ọlọ́kọ̀. Ọjọ́ ọjà Igbókọ̀dá wà, níbi tí gbogbo apẹja àti ẹlẹ́ja agbègbè náà ń pàdé. Igi gógóró má gùn mí lójú, òkèèrè la ti í wò ó. Ewé tí wọ́n ti rí láti ojú ọ̀run, kò yẹ kó jẹ́ inú àwọ̀n ni apẹja ti máa kọ́kọ́ rí i.

Nítorí ó tún máa wá. Afẹ́fẹ́ tó gbé e jáde lọ́dún 2010 ti fẹ́ lọ tipẹ́, àmọ́ ewé náà ti rí ibi tó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Kò ní gbòǹgbò, ṣùgbọ́n ó ti fìdí kalẹ̀. Ní òru ọjọ́ kan báyìí, ọkùnrin kan á tún fa àwọ̀n, á rí i pé ó wúwo, á pe èkejì ẹ̀ kó wá bá òun gbá a mú. Bí ẹnì kan bá ti sọ fún un lọ́jọ́ mẹ́ta ṣáájú pé ewé wà lápá ibẹ̀, ibòmíì ni ì bá gbé àwọ̀n ẹ̀ lọ, ẹja nìyàwó ẹ̀ ì bá sì gbà lọ́wọ́ ẹ̀ nígbà tó bá gúnlẹ̀.